Wọ́n Ní Windows Rẹ Ń Ṣàìsàn, Ìwọ Ọmọ Pẹngúínì

Òkú méjì ló sùn ní Sèmè-Kpodji ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025. Èkíní ni Windows 10: ọjọ́ náà gan-an ni Microsoft ní òun kò ní fi àtúnṣe ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí i mọ́. Èkejì ni ìrètí àwọn Guépards wa, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Benin, láti lọ sí Ife Àgbáyé. Osimhen ti Nàìjíríà nìkan gbá mẹ́ta wọlé ní Uyo, Frank Onyeka sì fi ẹ̀kẹrin bu erùpẹ̀ lé wa lórí. Òdo ni tiwa. Àwa yìí kan náà la sì wà lókè tábìlì kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà o! Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Àwọn ará Kraké ní bọ́dà, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ kan jẹ́ ọmọ Benin, tí wọ́n ń fi ìkejì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò tíì jẹ́ kí omijé wa gbẹ.

Ti Windows 10 ni kí n sọ. Láptọ́ọ̀pù tí púpọ̀ nínú wa ń lò láti Ekpè títí dé Agblangandan, tòkunbọ̀ ni. Wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Jámánì títí ó fi sú wọn, kó tó gba etíkun Kútọnu wọlé, pẹ̀lú lẹ́tà Z tó lọ jókòó sáyè Y. Windows 11 wá dé, ó ní òun ò bá ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, kò tilẹ̀ bojú wò wọ́n. Láptọ́ọ̀pù tó ṣì ń tàn, tó ṣì ń kọ lẹ́tà, tó ṣì ń gbé fíìmù, wọ́n ní ó ti darúgbó. Níbo làwọn ọmọ wa fẹ́ gbà? Wọ́n gba ọ̀dọ̀ Linux lọ, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Linux kì í béèrè ọjọ́ orí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ọ̀fẹ́ ló sì wà títí dòní. Ó dára. Ó dára gan-an ni. Mo kí wọn kú oríire.

Ìgbà tí oríire náà wá gùn wọ́n lórí ni ọ̀rọ̀ di ẹ̀fẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí ọmọ Linux rí? Ẹ ò ní wá a jìnnà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín. Ẹ ní ẹ kú àárọ̀, á ní Linux lòun ń lò. Ẹ béèrè owó ọkọ̀ dé Àjàṣẹ́, á ní Linux lòun ń lò. Ó ti lẹ àwòrán pẹngúínì, ẹyẹ tó jẹ́ àmì Linux, mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù, ó lẹ òmíràn mọ́ àṣíborí tí ó fi ń gun ọ̀kadà zémidjan. Òòrùn Sèmè ń yan iyanrìn etíkun bí ó ṣe wù ú, ọmọ yìí wọ súẹ́tà dúdú oníbòrí, ó ní báyìí làwọn tó mọ kọ̀ǹpútà ṣe ń múra. Bó bá jókòó sí bùfẹ́ẹ̀tì, á yí ojú ẹ̀rọ síta kí gbogbo ayé lè rí tẹ́mínà: ilẹ̀ dúdú, lẹ́tà ewéko, ìlà ń sáré tẹ̀lé ìlà. Ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí á rò pé ó ń já wọ báńkì. Kò já wọ ibì kankan. Ó ń gba àtúnṣe wẹ́ẹ̀wẹ̀ẹ̀ ni, dátà sì ti fẹ́ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Orin kan ṣoṣo ló ń kọ: kòkòrò kò lè wọ tèmi. Ẹ sọ fún un pé ibà ń jà ládùúgbò, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows ni ẹ kí ara yín.

Ọmọ pẹngúínì wa yìí kò ní owó tí yóò fi san tẹlifíṣọ̀n onísátẹ́láìtì, bọ́ọ̀lù Uyo ọ̀hún sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ "match gratuit" sínú Google, ó tẹ èyí tó kọ́kọ́ jáde, ó tẹ àmì tó jọ pé fídíò máa bẹ̀rẹ̀. Fídíò kò bẹ̀rẹ̀. Fèrèsé òjijì ló fò jáde, ó gba ojú ẹ̀rọ tán, ó pọ́n kuku. Agogo ìdágìrì ń dún. Ohùn obìnrin kan tí kò mí ń ké pé Windows rẹ ti kó kòkòrò, pé àwọn olè ti ń wo fọ́tò rẹ àti nọ́ńbà báńkì rẹ, pé o kò gbọdọ̀ pa kọ̀ǹpútà náà, pé kí o pe Microsoft nísinsìnyí. Nísàlẹ̀, wọ́n ń fi ìlà kan tó ń kún díẹ̀díẹ̀ hàn ọ́ pé àwọn ń yẹ inú C:\Windows\System32 wò, àwọn sì ti bá kòkòrò níbẹ̀.

Lórí Linux! Lórí ẹ̀rọ tí kò ní C, tí kò ní System32, tí kò mọ Bill Gates rí! Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí: oníṣègùn wọlé, kò bi ẹnikẹ́ni, ó ní oyún yín ti pé oṣù méje, bàbá àgbà ló sì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé wọn ò lè mọ̀ pé Linux ni? Wọ́n lè mọ̀ dáadáa. Gbogbo bùráúsà ló máa ń dárúkọ ara rẹ̀ àti irú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún ojú ìwé tó bá wọ̀. Ọ̀lẹ làwọn olè náà. Àwọn tó ń lo Linux nínú ilé kò tó nǹkan lójú wọn, wọn ò lè tìtorí wọn ya àwòrán mìíràn. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni wọ́n ń ju àwọ̀n kan náà sí, ẹni tó bá há, ó há. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ń kọ́? 1-888, ti Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni fún ará Amẹ́ríkà. Láti ibí, lọ́pọ̀ ìgbà kì í wọlé rárá, bó bá sì wọlé, owó ló ń jẹ. Àwa tí a ṣì ń ka nọ́ńbà ara wa lórí ìka láti ọjọ́ 30 oṣù Belu 2024 tí wọ́n fi 01 ṣáájú gbogbo rẹ̀, àwa náà ni kí a máa fi krédì pe Amẹ́ríkà lọ sọ fún wọn pé Windows tí a kò ní ń ṣàìsàn.

Ìyá ọmọ náà, tó ń ta gàrí níwájú ilé, gbọ́ agogo, ó yọjú.

"Ta ló ń pariwo nínú ẹ̀rọ rẹ?"

"Màmá, wọ́n ní Windows mi ti kó kòkòrò."

"Ṣé o ní Windows ni?"

"Rárá, mà."

"Ta ló wá ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"N ò mọ̀ wọ́n, mà."

"Ẹni tí o kò mọ̀ ní kí o tọ́jú ohun tí o kò ní. Pa á kí o wá bá mi gbé àpò gàrí."

Ìyá yẹn kò mọ ohun tí TPM jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ ń fi wákàtí mẹ́ta ṣàlàyé ní gbọ̀ngàn ló parí sí ẹnu rẹ̀ yẹn. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó pa fèrèsé náà. Ó ti ṣe dáadáa. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, n kì bá tí rí nǹkan kọ.

Kò dúró síbẹ̀. Ó padà lọ wá bọ́ọ̀lù. Ojú ìwé mìíràn ṣí, kò pọ́n, kò pariwo, ó funfun báláú. Àwòrán róbọ́ọ̀tì kékeré kan ló wà níbẹ̀, ó ní: "Tẹ Autoriser láti fi hàn pé ìwọ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì." Ọmọ tó ń fi Windows ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Wéré báyìí! Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀, kò ráyè kàwé.

Ohun tó fọwọ́ sí kò kan róbọ́ọ̀tì. Ó gbà fún ojú ìwé náà kó máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí igun ojú ẹ̀rọ rẹ̀, nígbàkúùgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pa ojú ìwé ọ̀hún tipẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ń kọ iṣẹ́ iléèwé, wọ́n á ní batìrì rẹ̀ ti fẹ́ bú. Bó bá ń gbọ́ wáàsù, wọ́n á ní obìnrin kan tó wà nítòsí rẹ̀ ń wá ọkọ. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní Facebook rẹ̀ ti fẹ́ tì, kó tẹ ibí kó fi páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i. Igun kan náà tí Linux fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn ń gbà jáde, wọ́n sì jọ ìkìlọ̀ gidi dé góńgó. Bí àwọn àgbà bá bèèrè ohun tó ṣe é, á ní ó jọ pé àtúnṣe tuntun ló kó ìdààmú bá òun. Àtúnṣe wo? Ìka rẹ ni!

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀ wá kí a tẹ nǹkan kí a tó ríran. Tẹ́lẹ̀, ojú ìwé kan lè sáré gbé ìbéèrè ìfitónilétí kalẹ̀ bó ṣe ń ṣí. Láti Firefox 72, tó jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, bùráúsà náà kì í jẹ́ kí ìbéèrè yẹn yọjú bí ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ kò bá tíì tẹ nǹkan kan lórí ojú ìwé náà. Chrome náà ṣe tirẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí náà ni róbọ́ọ̀tì ṣe wúlò fún àwọn olè. Ilẹ̀kùn kò ṣeé já mọ́, wọ́n wá ń bẹ onílé kó ṣí i fúnra rẹ̀, onílé sì ń ṣí i pẹ̀lú ìdùnnú.

Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ gba bọ́dà Kraké kọjá ti pàdé fèrèsé òjijì rí, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé rẹ̀. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, bàbá kan tí kò wọ yunifọ́ọ̀mù ti sáré dé, bírò wà létí rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. "Ẹ̀gbọ́n! Káàdì yẹ́lò yín ti kú! Wọ́n ń mú èèyàn níwájú o! Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù wá kíá kí n bá yín lù ú!" Kò tíì rí káàdì yín. Kò mọ̀ bóyá ẹ ní káàdì. Ó kàn mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ "wọ́n ń mú èèyàn" kì í ráyè bèèrè pé ta ni ìwọ. Ọ̀gá tó ń lu òǹtẹ̀ gan-an ń bẹ nínú ọ́fíìsì, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà, kò sáré pàdé ẹnikẹ́ni. Microsoft náà ń bẹ nílé rẹ̀. Wọn ò kọ nọ́ńbà tẹlifóònù sínú ìkìlọ̀ rí, àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe Linux bíi Ubuntu àti Mint kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà láyé. Ẹ ò sanwó fún wọn, kí ni wọ́n fẹ́ pè yín fún?

Ó yẹ kí n dárúkọ ẹni tó bí fèrèsé òjijì, ọmọ burúkú yìí. Ethan Zuckerman ni, ọmọ Amẹ́ríkà, tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Tripod láti ọdún 1994 sí 1999. Ilé iṣẹ́ mọ́tò kan ló fi ìbínú kàn wọ́n lára, pé ìpolówó mọ́tò àwọn jáde lórí ojú ìwé oníṣekúṣe kan. Zuckerman wá kọ kóòdù tó ń ṣí fèrèsé ọ̀tọ̀ fún ìpolówó, kí mọ́tò àti ìṣekúṣe má bàa jókòó pọ̀. Ní oṣù Ògún 2014, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Atlantic, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ó ní èrò rere lòun fi ṣe é. Mo gbà á gbọ́. Kí ojú má bàa ti mọ́tò kan ni gbogbo wa ṣe ń jẹ ìyà yìí, tí ìṣekúṣe ọ̀hún sì wá kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú fèrèsé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe.

Ọmọ pẹngúínì á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìpolówó lásán nìyẹn. Fáìlì .exe wọn ò lè ṣiṣẹ́ lórí tèmi." Òótọ́ ni. Fèrèsé òjijì tó bá ju fáìlì .exe sínú àpótí Téléchargements rẹ, bí òkúta ni yóò ṣe wà níbẹ̀. Àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá lọ gbé Wine wá, èyí tó ń bá Linux gbé iṣẹ́ Windows, kí o fi jí i. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà! Wọ́n ń ṣe ìtọ́jú kòkòrò kí ó lè gbádùn.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé .exe nìkan ni olè mọ̀? Ní oṣù Ògún 2015, Mozilla, tó ń ṣe Firefox, kéde pé ìpolówó kan lórí ojú ìwé ìròyìn ní Rọ́ṣíà ti ń ja Firefox lólè. Ihò wà lára ohun tí Firefox fi ń ṣí PDF, ibẹ̀ ni wọ́n gbà. Ẹni tí wọ́n jà kò tẹ nǹkan kan, ó kàn ka ìròyìn ni. Lórí Linux, àwọn olè yìí mọ ilé dunjú: wọ́n wo /etc/passwd, wọ́n wo .bash_history níbi tí gbogbo àṣẹ tí o tẹ̀ sínú tẹ́mínà wà, wọ́n wo àpótí .ssh tí kọ́kọ́rọ́ wà, wọ́n sì ń wá fáìlì tí wọ́n bá kọ "pass" sí lórúkọ. Wọ́n kó o lọ, wọn ò sì fi ipasẹ̀ kankan sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń lo Mac ni wọn ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ pẹngúínì, wọ́n bẹ̀ ọ́ wò tìfẹ́tìfẹ́. Firefox 39.0.3 ló dí ihò náà. Ẹni tí àtúnṣe sú, tó ní dátà òun ni òun ń ṣọ́, ilé rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ sùn.

Èyí tí wọ́n ń pè ní ClickFix tún burú jùyẹn lọ, nítorí pé ó bá ọmọ Linux lára mu rẹ́gí. Ojú ìwé á ní nǹkan bàjẹ́, tàbí kí o fi hàn pé o kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti da àṣẹ kan kọ fún ọ láìjẹ́ kí o mọ̀, á wá ní kí o lọ lẹ̀ ẹ́ síbì kan kí o tẹ Enter. Láti 2024 ni wọ́n ti ń fi bá àwọn oní-Windows fínra. Ní oṣù Èbìbí 2025, ilé iṣẹ́ aṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Hunt.io rí èyí tí wọ́n ṣe fún Linux: ojú ìwé tó fara wé ti ilé iṣẹ́ ìjọba Íńdíà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ológun. Ó ní kí ẹni tó ń lo Linux tẹ Alt àti F2 pọ̀, kó lẹ ohun tí wọ́n fún un, kó tẹ Enter. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwòrán lásán ni àṣẹ náà ń gbé wá. Wọ́n ń dán an wò ni. Wọ́n ń wòye bóyá ọmọ pẹngúínì máa gbà.

Ṣé ó máa gbà? Ẹ jọ̀ọ́! Ẹni tó ń lo Windows, ẹ ní láti kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn án kó tó mọ ibi tí wọ́n ń lẹ àṣẹ sí. Ọmọ Linux, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wi-Fi kò ṣiṣẹ́, ó lọ wá àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀ ẹ́. Ohùn kò jáde, ó lẹ òmíràn. Àṣẹ tó gùn láti ibí dé Aholouyèmè, tí curl wà níwájú rẹ̀, tí bash wà nídìí rẹ̀, tí sudo, tó ń fún àṣẹ ní agbára ọ̀gá, sì dé e ládé, ta ni ó kọ ọ́? Kò mọ̀. Kí ló ń ṣe? Kò mọ̀. Tẹ́mínà ní kó fi páswọ́ọ̀dù sí i, ó fi sí i. Ó wá jókòó, ó ká apá, ó ní tòun kì í gba kòkòrò. Òótọ́ ni, kòkòrò kankan ò wọlé fúnra rẹ̀. Ìwọ lo gbé e wọlé, o tún fún un ní àga.

Kí ni sudo sì já mọ́ fún olè ọ̀hún gan-an? Ohun tó ń wá kò sí nínú àpótí root, ọ̀gá ẹ̀rọ. Inú bùráúsà ló wà: Gmail rẹ, Facebook rẹ, páswọ́ọ̀dù tí o ní kí ó bá ọ rántí, ojú ìwé báńkì tí o kò jáde níbẹ̀. Àfikún bùráúsà kan tí fèrèsé òjijì ní kí o fi sí i "kí fídíò lè ṣiṣẹ́" lè máa ka gbogbo ohun tí o ń tẹ̀ nínú bùráúsà yẹn. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Windows náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, pẹngúínì kan kò sì ní dìde bá a jà. Àwọn kan tilẹ̀ ṣì ń ní kí o gba Flash Player tuntun. Adobe ti sin Flash láti ìparí ọdún 2020! Ẹni tó bá ní kí o wá pààrọ̀ aṣọ fún òkú, kí ló fẹ́ mú lọ?

Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe o, ẹ má fi mí sùn. Ní Kétu àti Sákété, òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi ń bú ẹni tó bá yẹ kí wọ́n bú, ẹni náà á sì jó sí i. Bí n bá sì bú ẹni tí wọ́n ń jà lólè, kí n má fi olè sílẹ̀. Àwọn gaïman wa wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì. Ẹnì kan nínú wọn, àárọ̀ ló jẹ́ Ìyáàfin Sophie opó ọlọ́rọ̀ ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, ọ̀sán ló jẹ́ báńkì, ìrọ̀lẹ́ ló jẹ́ Microsoft, irùngbọ̀n sì wà lágbọ̀n rẹ̀ látàárọ̀. Òfin ń bẹ fún un: Code du numérique, òfin 2017-20, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù Igbe 2018. OCRC, ọ́fíìsì tó ń gbógun ti jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń lé wọn kiri tẹ́lẹ̀, CNIN ló gba iṣẹ́ náà báyìí, bí wọ́n bá sì mú wọn, ilé ẹjọ́ CRIET ń dúró. Èmi ò mọ èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: gaïman tó ń fi ìkìlọ̀ kpayo, ìyẹn ayédèrú, dẹ́rù ba òyìnbó, tàbí gaïman kan náà tó lọ wá bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ lálẹ́, tí róbọ́ọ̀tì elòmíràn sì mú òun náà. Ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀. Olè kì í bọ̀wọ̀ fún ẹlẹgbẹ́.

Ó dáa. Ìwọ tí fèrèsé òjijì dì mú báyìí, tí o ń kàwé yìí lórí fóònù nítorí pé láptọ́ọ̀pù ń ké, tẹ́tí sílẹ̀. Àmì X tí o ń rí lórí fèrèsé pupa náà, má tẹ̀ ẹ́. Àwòrán ni wọ́n yà síbẹ̀, ara ohun tí wọ́n fẹ́ kí o tẹ̀ ni. Bó bá gba ojú ẹ̀rọ tán, di Esc mú títí tàbí kí o tẹ F11, lẹ́yìn náà kí o fi Ctrl àti W pa táàbù yẹn. Kò gbọ́? Ìgbà tí tẹ́mínà rẹ máa wúlò ti dé nìyẹn, olóyè: ṣí i, kọ pkill firefox, tẹ Enter. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí máa rí i pé o ṣe nǹkan gidi nínú rẹ̀. Nígbà tí Firefox bá padà ṣí, tó ní ṣé kí òun dá gbogbo ojú ìwé àná padà, sọ fún un pé rárá. Má tún lọ pe olè tó ti jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ inú Paramètres, kí o lọ sí "Vie privée et sécurité", wá ibi tí wọ́n kọ Notifications sí. Wàá rí orúkọ gbogbo àwọn tí o ti fún láyè. Ka orúkọ wọn sókè kí ìyá rẹ náà lè gbọ́. Èyí tó dà bíi pé ológbò rìn lórí kíbọ́ọ̀dù, lé e jáde. Èyí tó ní "gratuit" nínú, lé e jáde. Ibẹ̀ náà ni àpótí kékeré kan wà tó ń kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tún béèrè. Mú un.

Fi ohun tó ń dí ìpolówó sínú bùráúsà rẹ. Bí o bá rò pé ìwà ahun ni, FBI ti Amẹ́ríkà fúnra wọn ló gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ 2022, nítorí pé àwọn olè ti ń ra ipò ìpolówó nínú èsì àwárí orí íntánẹ́ẹ̀tì. uBlock Origin lèmi ń lò lórí Firefox, ọ̀fẹ́ ni, ìwọ tí o fẹ́ràn ọ̀fẹ́. Bí o bá sì ti fi páswọ́ọ̀dù fún wọn kí o tó ka ibí yìí, fóònù ni kí o fi pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù yẹn. Bó bá jẹ́ àṣẹ lo ti lẹ̀, tó ti lo sudo, má jókòó máa wá kòkòrò kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Kó ìwé iṣẹ́ rẹ kúrò, kí o gbé Linux tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó ló lọ, gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ kí ẹ̀rí tó tutù, kí o mú àwòrán ojú ẹ̀rọ náà dání. Wọ́n á bi ọ́ pé kí lò ń wá kí ó tó ṣẹlẹ̀. Sọ pé bọ́ọ̀lù ni. Wọ́n á bi ọ́ pé èwo. Bí o bá dárúkọ ti Uyo, wọ́n á ṣàánú ọ.

Ìyókù di ọwọ́ rẹ. Nígbà mìíràn tí o bá ń da àṣẹ kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé lásán ná, kí o kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí o kò bá mọ ohun tó ń wí, pa á rẹ́. Kò sí ẹni tó máa gba pẹngúínì kúrò lára àṣíborí rẹ nítorí ìyẹn.